Ojúlówó Oògùn Ló Ya Inú Mi

Bí ẹ bá ti ń yàgbẹ́ dúdú bí ọ̀dà ojú títì láti ìjẹta, ẹ má ka ìwé yìí tán. Ẹ dìde, ẹ gba ilé ìwòsàn lọ báyìí, kí ẹ ní kí ẹlòmíràn máa kà á fún yín lójú ọ̀nà. Ẹ̀yin yòókù tí inú ń ta, tí àyà ń jó, tí ẹ sì ń fi oògùn ara ríro tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ẹ jókòó, ẹ gbọ́ tèmi. Èmi kì í ṣe dókítà. Gàrí ni mo ń yan ní Ṣábẹ̀ẹ́ níbí. Ìyá Rẹ̀mí ni gbogbo àdúgbò ń pè mí, wọ́n sì mọ̀ pé ẹnu mi kì í gba ọ̀rọ̀ pamọ́.

Ẹni tí kò bá yan gàrí rí lè rò pé ìjókòó ìdí iná lásán ni. Ooru á máa fẹ́ ẹ lójú, èéfín á máa wọ̀ ọ́ nímú, ọwọ́ kò sì gbọdọ̀ dúró, torí bí ọwọ́ bá dúró, gàrí á jóná. Èjìká, ìbàdí, orúnkún, gbogbo rẹ̀ ni yóò máa ké. Àáró la máa ń fi ṣe é. Lónìí, gbogbo wa á wá bá ẹnìkan yan tirẹ̀, lọ́la a ó kọjá sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Ẹni tí iṣẹ́ bá kàn ló máa fún wa lóúnjẹ. Bí a bá sì jẹun tán, òun náà ló gbọ́dọ̀ pín oògùn ara ríro fún wa, méjì méjì, pẹ̀lú omi tútù. Àṣà wa nìyẹn. Obìnrin tó bá bọ́ àwọn aláàáró yó tí kò fún wọn lóògùn, ahun ni, wọ́n á sì fi ṣe yẹ̀yẹ́ títí àáró á fi tún yí kàn án.

Tẹ́lẹ̀ rí, ọ̀dọ̀ Adùkẹ́ la ti ń rà á. Adùkẹ́ ni àbúrò mi, ìyá kan náà ló bí wa ní Bẹ̀sé. Àtẹ oògùn ló ń gbé kiri ọjà: ti orí fífọ́, ti ibà, ti aràn, aláwọ̀ méjì, funfun, pupa. N kò ní purọ́ fún yín pé oògùn orí àtẹ dára o. Oòrùn ń pa á, òjò ń pa á, Adùkẹ́ fúnra rẹ̀ kò sì mọ ohun tí wọ́n kọ sí i lára. Bí ẹ bá ní ẹsẹ̀ ń dùn yín, á ní pupa ni. Bí ẹ bá ní ẹ ò rí oorun sùn, pupa náà ni. Mo máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé, "Adùkẹ́, bí ọkọ ènìyàn bá sá lọ ńkọ́?" Á ní, "Dàdá, ẹ gbé pupa méjì mì, ẹ ó gbàgbé orúkọ ẹ̀." Dàdá là ń pe ẹ̀gbọ́n obìnrin níbí.

Ìgbà tó yá ni ìjọba gbé òfin dé. Wọ́n sọ ọ́ lórí rédíò ní Faransé, wọ́n sọ ọ́ ní èdè wa. Wọ́n ní oògùn orí àtẹ ń pa ènìyàn, kí ẹni tí ara rẹ̀ kò bá dá gba famasí lọ. Àwọn tó ń tà á bẹ̀rẹ̀ sí í fi àtẹ pamọ́ sábẹ́ aṣọ, sábẹ́ ẹ̀wà. Adùkẹ́ fi tirẹ̀ pamọ́ sábẹ́ ata. Lọ́jọ́ ọjà kan, àwọn ọlọ́pàá da ata náà sílẹ̀. Mo wà níbẹ̀. Wọ́n mú un lójú mi, gèlè rẹ̀ já bọ́, kò sì rí ọwọ́ fi gbé e torí wọ́n ti dè é lọ́wọ́. Ilé ẹjọ́ sọ ọ́ sẹ́wọ̀n. Ẹkún tí mo sun lọ́jọ́ náà, n kò sun irú rẹ̀ nígbà tí bàbá wa kú.

Àmọ́ bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Iṣẹ́ kò dúró, ara kò sì yé ro. Ọkọ mi, Bàbá Rẹ̀mí, tó ń dá oko kajú lápá Òfẹ̀, bá mi ra oògùn wálé láti famasí. Páálí tó ń dán, ìwé tí wọ́n ká pẹlẹbẹ wà nínú ẹ̀. Ó ní, "Èyí ni kó o máa lò. Èyí kì í ṣe oògùn ẹlẹ́wọ̀n." Ọ̀rọ̀ náà dùn mí wọra, mo kàn gbé e mì ni. Mo tú páálí. Kí ni mo rí? Pupa! Róbótó báyìí. Kò sí bí ọ̀bọ ṣe ṣorí tí ìnàkí ò ṣe. Mo bi í pé ṣé wọn ò béèrè ìwé dókítà lọ́wọ́ ẹ̀? Ó ní ìwé kẹ̀? Wọn ò tiẹ̀ bi òun pé ta ló fẹ́ lò ó.

Ẹ wá wò ó. Èyí tí mo rà lọ́wọ́ Adùkẹ́, pẹ̀lú ìbẹ̀rù ni mo fi ń lò ó, torí mo mọ̀ pé orí àtẹ ló ti wá. Èyí tó ti famasí wá, kí ni mo fẹ́ bẹ̀rù nínú ẹ̀? Òfin tó mú àbúrò mi lọ ló fọwọ́ júwe ibẹ̀ fún mi. Bí òfin bá ní tọ̀hún burú, tó ní tìbí dára, ta ni mí tí n ó máa bá òfin jiyàn? Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó láàárọ̀ kí n tó dáná nìyẹn, mo tún ń lò ó ní ọ̀sán nídìí àáró, mo sì ń lò ó bí mo bá fẹ́ sùn. Bí iṣẹ́ bá kàn mí, páálí famasí ni mo ń gbé síwájú àwọn ẹgbẹ́ mi. Wọ́n á ní, "Ìyá Rẹ̀mí, ẹ kú ìnáwó o, ti yín kì í ṣe ti ẹgbẹ́ kan!" Orí mi á wú.

Àyà jíjó ló kọ́kọ́ dé. Mo rò pé ebi ni. Mo mu gàrí tútù, ó rọlẹ̀ díẹ̀, ó tún dìde. Ó di pé kí n máa ta jí ní ìdájí kí n fọwọ́ di ìsàlẹ̀ àyà mú, bí ẹni pé nǹkan ń jẹ mí níbẹ̀. Ẹ mọ ohun tí mo ṣe sí i? Mo gbé pupa mì. Ṣebí oògùn ìrora ni? Inú ń ro mí, mo lo oògùn ìrora. Ẹ má rẹ́rìn-ín mi o. Ọ̀pọ̀ nínú yín tó ń ka ìwé yìí ti ṣe bẹ́ẹ̀ láàárọ̀ yìí.

Nígbà tí ìgbẹ́ mi bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú, mo ní bóyá ohun tí mo jẹ ni. Ó ń rùn lọ́nà tí n kò mọ̀ rí. Ojú tì mí láti sọ fún ẹnikẹ́ni. Ta ni yóò pe ọkọ rẹ̀ pé kó wá wo ìgbẹ́? Òyì wá ń kọ́ mi. Bí mo bá gbé garawa omi, mo máa ń gbé e kalẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kí n tó dé ẹnu ọ̀nà. Rẹ̀mí, ọmọ mi obìnrin, wò mí lójú lọ́jọ́ kan, ó ní, "Ìyá, ètè yín ti funfun." Mo ní kó lọ gbọ́ ti ara ẹ̀.

Ìgbà tí wọ́n wá rí i pé ara mi kò yá lóòótọ́, oníkálukú mú tirẹ̀ dé. Ìyá ọkọ mi ní, "Ìyàwó mi, jẹ̀díjẹ̀dí ni. Mo mọ̀ ọ́n." Ó rẹ egbò igi sínú sódábì, ògógóró tiwa, fún mi. Sódábì tí wọ́n ń tà ní gbogbo ìkóríta, tí ẹnikẹ́ni kì í béèrè ìwé kí wọ́n tó bu ú fún ọ. Mo gbé e mì torí n kò fẹ́ kí wọ́n pè mí ní ìyàwó alágídí. Háà, iná jó mi láti ọ̀fun dé ìdodo! Àwọn ará ìjọ wa ní kí n gbààwẹ̀. Mo gbà á, inú òfìfo sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí kí oòrùn tó wọ̀. Ọkọ mi ní kí n ní sùúrù, kí òun ta kajú ná, ká lè lọ sí ilé ìwòsàn. Gbogbo wọn kò fohùn ṣọ̀kan lórí ohunkóhun àfi ẹyọ kan: wọ́n ní oògùn Adùkẹ́ ló bà mí nínú jẹ́. Ẹni tó wà lẹ́wọ̀n kò sáà lè wá jiyàn.

Ìdí àáró ni ọ̀ràn ti bẹ́ sílẹ̀. Mo ń yan gàrí lọ́wọ́, mo kàn rí i pé itọ́ ń kún mi lẹ́nu. Mo yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí n tutọ́, ẹ̀jẹ̀ ló tú jáde, ó dì bí ẹ̀dọ̀. Àwọn obìnrin figbe ta. N kò rántí ìgbà tí mo ṣubú. Ohun tí mo rántí ni òórùn gàrí tó ń jóná, àti ohùn ẹnìkan tó ń pariwo, "Ẹ pe Bàbá Rẹ̀mí! Ẹ pe Bàbá Rẹ̀mí!" Orí kẹ̀kẹ́ sémíjàn, alùpùpù tó ń gbérò, ni wọ́n gbé mi sí, ọkọ mi jókòó sẹ́yìn, ó gbá mi mọ́ra kí n má bàa já bọ́. Mo ń gbọ́ bí ọkàn rẹ̀ ṣe ń lù kì kì kì sí mi lẹ́yìn.

Ilé ìwòsàn kún. Àwọn tó ti wá ṣáájú wa jókòó sórí àga gígùn, àwọn mìíràn sì nà sílẹ̀. Nọ́ọ̀sì kan ní ká lọ gba ìwé, ká dúró de àyè wa. Ọkọ mi ń bẹ̀ ẹ́, nọ́ọ̀sì ní àwọn yòókù náà ń bẹ òun. Mo jókòó sílẹ̀, mo fẹ̀yìn ti ògiri. Kò pẹ́, ẹ̀jẹ̀ tún tú jáde, ó ṣàn dé ẹsẹ̀ ìyá kan tó gbé ọmọ tó ní ibà lọ́wọ́. Ìyá yẹn ló pariwo. Gbogbo wọn wá sáré. Ẹ̀jẹ̀ mi ló tọrọ àyè fún mi.

Ká ra ìbọ̀wọ́, ká ra abẹ́rẹ́, ká ra omi tí wọ́n máa fà sí mi lára, ká wá ẹni tí yóò fẹ̀jẹ̀ sílẹ̀. Gbogbo rẹ̀ pọ̀ ju owó ọwọ́ wa lọ. Ọkọ mi ta kajú tó ṣì wà lórí igi. Èmi tí mo wà lórí ibùsùn, ohun kan ṣoṣo ló wà lọ́kàn mi: n kò fẹ́ kú. Ẹ̀rù bà mí bí ọmọdé. Mo ń wo Rẹ̀mí tó dúró síbẹ̀, mo ń sọ lọ́kàn mi pé, Ọlọ́run, ọmọ yìí kò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń yan gàrí kó má jóná, má mú mi lọ báyìí.

Dókítà tó tọ́jú mi jẹ́ ọmọ Kétu, ó gbọ́ èdè wa. Nígbà tí ojú mi là díẹ̀, ó bi mí pé, "Ìyá, oògùn wo lẹ ń lò nílé?"

Ọkọ mi gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu mi. "Oògùn orí àtẹ ni, dókítà. Àbúrò rẹ̀ ló ń tà á. Wọ́n ti sọ ọ́ sẹ́wọ̀n."

"Ìgbà wo ló ti wà lẹ́wọ̀n?"

"Láti ìgbà òjò tó kọjá."

"Ta ló wá ń tà á fún wọn láti ìgbà náà?"

Rẹ̀mí ló tọwọ́ bọ àpò mi, ó mú páálí jáde, ó fà á lé e lọ́wọ́. Dókítà yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn. Ó ní, "Ta ló ní kí ẹ máa lò ó lójoojúmọ́?"

Mo ní, "Dókítà, kò sẹ́ni tó ní kí n má lò ó."

Ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn mi. Ó ní oògùn náà kì í ṣe ayédèrú. Ojúlówó ni, ó dára fún ẹni tó bá lò ó fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn oúnjẹ. Ṣùgbọ́n bó bá ń wọlé lójoojúmọ́, á máa dá egbò sínú ikùn, bí sódábì bá sì tún bá a níbẹ̀, egbò náà á ya. Ó ní ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ni òun ń rí bẹ́ẹ̀, àwọn kan kì í tètè dé. Ọkọ mi tẹrí ba. Ó ní, "Ọwọ́ mi yìí ni mo fi rà á." Mo ní kó dákẹ́. Ẹ̀rù tó bà mí pọ̀ débi pé kò sí àyè fún ìbínú nínú mi.

Ìbínú dé lẹ́yìn náà. Obìnrin tó wà lórí ibùsùn kejì ní ẹ̀gbọ́n òun ń gbé ní Ṣakí, lápá Nàìjíríà lọ́hùn-ún. Ó ní níbẹ̀, inú ṣọ́ọ̀bù tó ní dígí ni wọ́n ti ń tà á, ẹni tó ń tà á á jókòó sórí àga, á kí ọ káàbọ̀. Ẹ gbọ́ ná! Ohun tó gbé àbúrò mi sẹ́wọ̀n ní ọjà Ṣábẹ̀ẹ́, bí o bá ti kọjá ààlà, ọjà ọlọ́lá ni. Bó bá sì wà nínú páálí ní famasí wa níbí, oore ni wọ́n ṣe ọ tí wọ́n tà á fún ọ. Oògùn kan náà, inú kan náà. Òfin ń wo ibi tí oògùn ti jáde. Ta ló ń wo ibi tó ń wọ̀?

Nígbà tí mo lè rìn, mo lọ wo Adùkẹ́ lẹ́wọ̀n. Ó ti rù. Ó di ọwọ́ mi mú, ó kọ́kọ́ sunkún kó tó lè sọ̀rọ̀.

"Dàdá, wọ́n ní oògùn mi ló fẹ́rẹ̀ẹ́ pa yín. N kò sùn láti ìgbà tí mo gbọ́."

"Irọ́ ni. Ti famasí ni."

Ó wò mí bí ẹni tí kò gbọ́ dáadáa. "Ti famasí? Èwo nínú ẹ̀?"

"Pupa."

Ó bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà tún di ẹkún. Ó ní, "Ṣé wọ́n mú ẹni tó tà á fún yín?" Mo ní rárá. Ó nu ojú rẹ̀, ó ní, "Bẹ́ẹ̀ èmi náà ì bá tà á fún yín, Dàdá. Bí ẹ bá ní inú ń ro yín, pupa náà ni ǹ bá fún yín." Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni.

Bí mo ti wà lónìí rè é. Mo wà láàyè, mo dúpẹ́. N kò lè jẹ ata bíi tàtijọ́, n kì í jẹ́ kí inú mi ṣófo, sódábì kò sì tún gbọdọ̀ kan ètè mi. Orúnkún ṣì ń dùn mí, n kò ní tàn yín. Àwọn òwúrọ̀ kan wà tí ara ń ro mí tó bẹ́ẹ̀ tí mo máa ń rántí pupa náà bí ẹni rántí ọ̀rẹ́. Omi gbígbóná ni mo fi ń jó ibẹ̀. Nídìí àáró, mo ní bí iṣẹ́ bá kàn mí, ẹ̀kọ gbígbóná ni n ó fi kún oúnjẹ, n kò ní pín oògùn. Àwọn kan gbà. Àwọn kan ti ń pè mí ní ahun.

Láìpẹ́ yìí, oògùn tí dókítà ní kí n fi máa wo egbò inú mi tán. Mo gba famasí lọ fúnra mi, èyí tí n kò ṣe rí, torí ọkọ mi ló máa ń bá mi lọ. Ọmọbìnrin tó ń tajà níbẹ̀ kí mi pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Mo fi páálí òfìfo hàn án. Ó ní, "Ìyá, ìwé dókítà ńkọ́?" Mo ní mo gbàgbé ẹ̀ sílé. Ó ní kí n má bínú, èyí kì í ṣe ohun tí wọ́n ń tà láìrí ìwé. N kò bá a jà. Mo yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí n sinmi ẹsẹ̀ kí n tó padà lọ mú un.

Ọkùnrin kan tó dúró lẹ́yìn mi sún mọ́ iwájú. Erùpẹ̀ oko ṣì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ kan wà ní ìbàdí. Ó dárúkọ pupa. Ọmọbìnrin náà gbé e fún un, ó sanwó, ó jáde.

Mo ní, "Ọmọ mi, o ò bi í ní nǹkankan?"

"Kí ni kí n bi í, Ìyá?"

"Bóyá ó ti jẹun. Bóyá ó ti ń lò ó tipẹ́. Bóyá inú ń ta á."

Ó wò mí, àánú mi ló ṣe é. "Ìyá, òfin ò ní kí n béèrè ìyẹn."

N kò mọ bí mo ṣe dé ìta. Ọkùnrin náà ti gbé ẹsẹ̀ kan sórí kẹ̀kẹ́ sémíjàn. Mo pariwo, "Bàbá! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró! Ṣé inú kì í ta yín?" Àwọn ènìyàn yíjú wò mí, àwọn sémíjàn ń rẹ́rìn-ín pé orí ìyá yìí ti dàrú. Ọkùnrin náà kò rẹ́rìn-ín. Ó sọ ẹsẹ̀ rẹ̀ kalẹ̀, ó rìn padà wá bá mi, ó sì rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀ kí ẹlòmíràn má bàa gbọ́.

Ó ní, "Ìyá, ta ló sọ fún yín?"